Ọ̀nà Tí Ìwé Àfọwọ́kọ Tutùọlá Gbà Dé Texas

Fọ́tò iwin ni Amos Tutùọlá kọ́kọ́ fi lọ òyìnbó. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, nígbà tó ń ṣe mẹ́séńjà ní ọ́fíìsì Labour l'Ékòó, ó kọ̀wé sí Focal Press ní London, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé nípa fọ́tò yíyà. Ó ní òun ní ìtàn ọdẹ kan lọ́wọ́, òun sì ní fọ́tò àwọn iwin inú rẹ̀. Ta ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò ní wù ú wò? Ẹrù tó dé bá wọn jẹ́ ìwé àfọwọ́kọ tí wọ́n ká jọ, tí wọ́n fi okùn dì, pẹ̀lú fíìmù fọ́tò. Nígbà tí wọ́n yẹ fíìmù náà wò, àwòrán iwin tí ènìyàn fọwọ́ yà sórí pépà ni wọ́n fi kámẹ́rà yà síbẹ̀.

Focal Press ò tẹ ìtàn náà. Ṣùgbọ́n wọ́n fún un lówó díẹ̀, wọ́n sì fi ìwé náà pamọ́. Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀ nìyẹn. Lásìkò yẹn, kò sẹ́ni tó mọ Tutùọlá. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, wọ́n bí i ní 1920, ìwé tó kà ò pọ̀, ó ṣe alágbẹ̀dẹ fún àwọn ọmọ ogun òfurufú ìlú ọba nígbà ogun Hitler, kó tó di ẹni tó ń gbé fáìlì láti tábìlì dé tábìlì. Kò sí ohun tó lè mú ẹnikẹ́ni rò pé ìwé ọwọ́ rẹ̀ máa níyì lọ́la. Síbẹ̀, wọn ò jù ú nù.

Ìtàn tó kọ lẹ́yìn èyí ló sọ ọ́ di olókìkí. Àjọ ìwé ìjọ Kristẹni kan ní London ló fi ránṣẹ́ sí, àwọn yẹn ló darí rẹ̀ sí Faber and Faber, níbi tí akéwì T. S. Eliot ti jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá. The Palm-Wine Drinkard jáde ní 1952, Dylan Thomas sì kọ̀wé yìn ín nínú The Observer ní oṣù Keje ọdún náà. Ohun kan wà tí Faber ṣe tí mo fẹ́ràn gan-an: wọ́n ya àwòrán ojú ewé kan nínú àfọwọ́kọ Tutùọlá, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé náà, tòun ti àtúnṣe tí olóòtú ṣe sí i. Èèyàn lè jókòó tì í, kó wo bí ọwọ́ òǹkọ̀wé àti ọwọ́ olóòtú ṣe pàdé lórí ìlà kan náà. Ẹni tí irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ bá wà nílé rẹ̀, ó tọ́ kó tún ṣí i wò.

Ẹni tó wá tọpasẹ̀ ẹrù Focal Press ni Bernth Lindfors. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Texas ní 1969, ó sì dá jọ́nà Research in African Literatures sílẹ̀ lọ́dún kejì. Ní 1982, Three Continents Press ní Washington tẹ ìtàn ọdẹ náà, The Wild Hunter in the Bush of the Ghosts, jáde gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú àfọwọ́kọ, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tó kúrò l'Ékòó. Lónìí, púpọ̀ nínú lẹ́tà àti àfọwọ́kọ Tutùọlá wà ní Harry Ransom Center ní Austin, ní Texas, ilé ìpamọ́ ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957, níbi tí ìwé Gabriel García Márquez náà wà. Ìwé Wọlé Ṣóyínká àti ti Chinua Achebe wà ní Houghton Library ní Harvard. Ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ fojú kan ọwọ́ àwọn baba wọ̀nyí, físà ni yóò kọ́kọ́ wá. Ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n n ò lè pe ẹni tó tọ́jú nǹkan lólè.

Àṣà títọ́jú ìwé ọwọ́ àti ìfọwọ́sí ẹlòmíì ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Nígbà ayé Luther àti Melanchthon, láàárín ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Wittenberg ní Jámánì a máa gbé ìwé tọ olùkọ́ wọn lọ kí ó kọ gbólóhùn kan sí i, kí ó sì fọwọ́ sí i. Fọ́tò dé bá wọn lẹ́nu àṣà náà ni. Ní 1854, ayàwòrán Disdéri gba ìwé àṣẹ ní Paris lórí fọ́tò kékeré tí ò ju káàdì lọ, owó rẹ̀ ò wọ́n, làwọn èèyàn bá ń to àwọn gbajúmọ̀ sínú álúbọ́ọ̀mù ilé wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wọ irú káàdì bẹ́ẹ̀ ni Àjàyí Crowther. Ọdún 1864, tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ni Ernest Edwards ya fọ́tò rẹ̀ ní London, káàdì náà sì wà ní National Portrait Gallery títí dòní. Lójú tèmi, òǹkọ̀wé ni Crowther kó tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù: ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣe ti jáde láti 1843. Àgbádárìgì, tí kò jìnnà sí wa ní Ìpókíá, ló dé sí ní ìbẹ̀rẹ̀ 1845, kó tó rí ọ̀nà kọjá sí Abẹ́òkúta ní 1846. CMS, àjọ míṣọ́nnárì tí Crowther ń bá ṣiṣẹ́, sọ ọ́ di dandan pé kí òṣìṣẹ́ wọn máa kọ ìròyìn iṣẹ́ ránṣẹ́ sílé, wọn kì í sì í sọ ìròyìn náà nù. Ìdí nìyí tí àwọn lẹ́tà Crowther fi wà ní Yunifásítì Birmingham.

Kì í ṣe gbogbo ìwé wa ló sọdá òkun. Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Crowther, tí wọ́n bí lọ́dún 1864 yẹn gan-an, fi ẹrù ìwé sílẹ̀ nígbà tó kú ní 1946, ó sì wà n'Íbàdàn, ní ilé ìkàwé Yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ Kenneth Dike pè. Dike yìí náà ló yẹ àwọn ìwé ìjọba tó ń bàjẹ́ wò káàkiri, tó sì tẹra mọ́ ọn títí ìjọba fi dá ilé ìpamọ́ ìwé sílẹ̀ ní 1954.

Ní tiwa ní ilẹ̀ Yewa, ẹni tí mo ń rò ni Afọlábí Ọlábímtán. Òun ló kọ Kékeré Ẹkùn ní 1967 àti Ààdọ́ta Àròfọ̀ ní 1969, ìwé tí ọ̀pọ̀ tíṣà fi kọ́ wa. Ní 1999, òun kan náà ni sẹ́nétọ̀ wa láti Ìwọ̀-oòrùn Ògùn, Ìpókíá sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ rò ó wò. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà sí sẹ́nétọ̀ nígbà náà nítorí ọ̀nà tàbí nítorí iṣẹ́ ọmọ, tó sì rí èsì tí sẹ́nétọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ sí gbà, ìfọwọ́sí òǹkọ̀wé ló wà nínú fáìlì rẹ̀ yẹn. Bóyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rìsíìtì owó iná ló wà. Bí ẹni tó gba lẹ́tà náà bá kú lọ́la, tí àwọn ọmọ bá wá palẹ̀ yàrá mọ́, ìwé òṣèlú àtijọ́ ni wọn yóò pè é, wọn yóò sì dáná sí i.

Ẹ ti rí àpótí irin àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, láti Ìdí-Ìrókò títí dé Àgọ́ṣàṣà: sàtífíkéètì lókè, lẹ́tà bulúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bá ọkọ̀ òfurufú wá lábẹ́ rẹ̀, fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun tó ní òǹtẹ̀ ayàwòrán lẹ́yìn, ìwé tí òǹkọ̀wé fọwọ́ sí lọ́jọ́ ìkójáde. Ẹni tó bá fẹ́ gba nǹkan là, kó bi tíṣà náà léèrè nígbà tó ṣì lè sọ ẹni tó wà nínú fọ́tò, kó sì fi pẹ́ńsù kọ orúkọ náà sẹ́yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bíírò máa ń wọnú fọ́tò. Ẹ má gbé lẹ́tà lọ fún àwọn tó ń ṣe lamination: iná ẹ̀rọ náà ń lẹ ọ̀rá mọ́ pépà pátápátá, kò sì sí bí a ṣe lè bó o kúrò mọ́. Sẹlotépù náà ò dára, nítorí gọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò di pupa, yóò sì jẹ pépà. Ẹ gbé àpótí kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ikán. Ẹ má sì sọ àpòòwé nù, torí lẹ́tà míì ò ní déètì, òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ nìkan ló lè sọ ọjọ́ tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́.