Bí Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Ti Ń Di Ilẹ̀ Mú

Bí a bá rí ọkọ̀ tí a ṣe fún eré sísá, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ni a kọ́kọ́ máa ń yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ìbáà sáré, ìbáà yà ní kọ́nà, ìbáà fẹ́ dúró, orí táyà mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ wà, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fi kan ilẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ púpọ̀. Bí àtẹ́lẹwọ́ yìí ti tẹ́ sí ilẹ̀ ni ọ̀ràn tí a pe ara wa jọ sí.

Bí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì bá dojú kọ ara wọn díẹ̀, ọkọ̀ a máa lọ tààrà. Bí wọ́n bá kọjú síta, ọkọ̀ a tètè yà wọ kọ́nà, ṣùgbọ́n kò ní fara balẹ̀ ní ọ̀nà tààrà. Bí èyíkéyìí nínú méjèèjì bá pọ̀ jù, táyà yóò jẹ tán kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, ara rẹ̀ a fì síta, táyà ìhà òde a sì fẹ́ fi etí dúró. Nítorí náà ni àwọn tí ń tún ọkọ̀ eré ṣe fi ń mú orí táyà fì sínú ní ìwọ̀n dígírì kan tàbí méjì, kí ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ ní àárín kọ́nà gan-an. Ẹni tí ó bá ṣe é jù, etí inú ni yóò kọ́kọ́ jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọkọ̀ Chevrolet Corvair ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ọdún 1960. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà, ẹ̀yìn ni ó sì wúwo sí. Bí a ti so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ọn, bí ẹ̀yìn bá gbé sókè nínú kọ́nà líle, táyà ìhà òde lè ká sábẹ́ ọkọ̀. Àwọn tí ó ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí afẹ́fẹ́ táyà iwájú jẹ́ pọ́ùn 15 péré, kí tẹ̀yìn jẹ́ 26, kí iwájú lè kọ́kọ́ yọ̀, nítorí ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ yọ̀ rọrùn fún awakọ̀ láti kó níjàánu ju èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́n síta lọ. Ẹ wo bí ẹ̀mí ènìyàn ti rọ̀ mọ́ gééjì afẹ́fẹ́! Ẹni tí ó bá fẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, bí a ti ń ṣe sí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ti ba ètò náà jẹ́ láìmọ̀. Ní 1965 Ralph Nader fi ọkọ̀ náà sùn nínú ìwé rẹ̀. Ní 1972 ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé kò burú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ní tèmi, kò yẹ kí a gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ẹni tí ń fẹ́ táyà lórí. A ti yí ìdè ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà padà nínú ọkọ̀ ọdún 1965.

Ní ti yíyan táyà, rọ́bà rírọ̀ a máa di ilẹ̀ mú ju líle lọ, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ jẹ. Táyà tí ojú rẹ̀ dán dára lórí ọ̀nà gbígbẹ. Bí òjò bá rọ̀, kò ní ojú ihò tí omi yóò gbà sá, ọkọ̀ a sì léfòó. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn àmì DOT lára rẹ̀ pẹ̀lú: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019, nítorí rọ́bà a máa gan bí ó bá dàgbà, ì báà má tíì jẹ. Bí agbára wa bá sì ká táyà tuntun méjì péré, ẹ̀yìn ni kí a fi wọ́n sí, ìbáà jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ́ńjìnì ń yí. Ìdí rẹ̀ kan náà ni èyí tí a fi dín afẹ́fẹ́ iwájú Corvair kù.