Bí Ọmọ Bá Ní Kí A Ra Ehoro Fún Òun

Ní ayé àtijọ́, bí a bá gbọ́ pé ehoro wọ ilé, ọdẹ ni ó ti oko dé, ọbẹ̀ sì ni ọkàn àwọn ará ilé máa ń lọ. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ ó bá ehoro funfun olójú pupa nínú àgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì, ní Ìlọrin àti ní Èkó. Àwọn ọmọ tí ń ti ilé ìwé bọ̀ a dúró yí i ká, wọn a sì máa fa bàbá wọn láṣọ. Bàbá tí kò bá lágídí yóò sanwó. Èmi náà sanwó.

Ehoro àkọ́kọ́ tí mo rà fún ọmọbìnrin mi ní Kàdúná kò lò ju ọjọ́ mọ́kànlá lọ. Kì í ṣe pé ẹni tí ó tà á fún mi ṣe màgòmágó. Àìmọ̀ tèmi ni ó pa á. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí, kí ó má baà jẹ́ pé ẹkún ọmọ ni yóò kọ́ òǹkàwé wa kan ní ohun tí ó kọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ehoro tí àwọn ọdẹ wa ń pa ní oko àti èyí tí a ń sìn nínú àgò kì í ṣe ẹ̀yà kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan ni a fi ń pe àwọn méjèèjì. Ehoro oko a máa bí ọmọ rẹ̀ sórí ilẹ̀ gbalasa, tòun ti irun lára, tòun ti ojú tí ó ti là. Ehoro inú àgò ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Sípéènì àti ilẹ̀ Pọtogí. Inú ihò tí ó bá gbẹ́ sínú ilẹ̀ ni ó ń gbé, ìhòòhò sì ni ọmọ rẹ̀ máa ń wá sáyé, ojú rẹ̀ kì í sì í là títí di nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá. Ẹni tí ó bá fi èyí sọ́kàn yóò mọ ìdí tí ẹran yìí fi ń bẹ̀rù ariwo, tí ó fi ń wá ibi tí yóò sá pamọ́ sí nígbà gbogbo, àti ìdí tí oòrùn ilẹ̀ wa fi ń ni ín lára tó bẹ́ẹ̀. Ẹran inú ihò tútù ni.

Oòrùn yìí gan-an ni ọ̀tá rẹ̀ tí ó le jù. Ehoro kì í làágùn bí ènìyàn. Etí rẹ̀ gígùn méjèèjì, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú wọn, ni ó fi ń lé ooru kúrò lára. Ìwọ̀n ooru tí ó tù ú lára kò ju 15 sí 20 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì lọ. Bí ó bá ti kọjá 30, ìnira ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti gbé ìhà Àríwá rí ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ọdún mọ̀ pé ohun tí ó ju 35 lọ kì í ṣe ìyanu níbẹ̀. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ gbé àgò sábẹ́ páànù tí kò ní àjà, tàbí síbi tí oòrùn ọ̀sán yóò ti bá a. Abẹ́ igi máńgòrò dára, ẹ̀yìn ilé níhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sì dára pẹ̀lú. Ní ọ̀sán gangan, a lè fi aṣọ wé ìgò omi dídì, kí a sì gbé e sí igun àgò. Ehoro yóò lọ fara tì í fúnra rẹ̀. Bí a bá rí i tí ó nà gbalaja, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí itọ́ ń rin ín lẹ́nu, ooru ti mú un nìyẹn. Kí a gbé e sí ibòji, kí a fi omi tútù díẹ̀ pa á létí, kí a sì wá dókítà. Kí a má ṣe tì í bọ inú omi yìnyín, nítorí ìpayà náà lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Omi mímu kò gbọdọ̀ tán níwájú rẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru. Ní ojúmọ́ kan, ehoro a máa mu nǹkan bí 50 sí 150 mílílítà lórí kílò kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọ̀n. Abọ́ amọ̀ tí ó wúwo ni kí a fi bu omi fún un, nítorí yóò ti dojú abọ́ oníke dé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀ díẹ̀ lórí oúnjẹ, nítorí níbẹ̀ ni mo ti kùnà. Mo fún ehoro àkọ́kọ́ náà ní búrẹ́dì. Mo fún un ní ẹ̀bà. Ọmọ mi fún un ní bísíkíìtì àti kárọ́ọ̀tì, nítorí kárọ́ọ̀tì ni ó máa ń rí lọ́wọ́ ehoro nínú ìwé aláwòrán. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó wá bá mi.

“Bàámi, ehoro mi kò jẹun láti àná.”

“Fi í sílẹ̀. Bí ebi bá pa á, yóò jẹun.”

Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹwàá, mo lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, mo ra ampicillin, èyí tí gbogbo wa ń lò fún ọ̀fun dídùn. Mo tú u sínú omi, mo rọ ọ́ sí ẹran náà lẹ́nu. Ní ọjọ́ kejì, ó kú.

Ìyá kan tí ó jẹ́ dókítà àwọn ẹranko, tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ni ó là mí lóye. Mo ti ń retí èébú. Ó kàn wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni o pa á. Oúnjẹ rẹ ni ó kọ́kọ́ dá ìfun rẹ̀ dúró, oògùn rẹ ni ó sì parí iṣẹ́.”

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wọn nìyí. Ìfun ehoro kì í sinmi. Koríko tí ó le ni ó ń tì í ṣiṣẹ́, àwọn kòkòrò àìrí tí ó wúlò sì wà nínú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ tí ń bá a lọ koríko náà. Bí a bá fi búrẹ́dì àti ẹ̀bà rọ́pò koríko, ìfun yóò dẹwọ́, afẹ́fẹ́ yóò kún inú rẹ̀, ehoro kò sì lè bì. Ehoro tí kò bá fẹnu kan oúnjẹ fún wákàtí 12 wà nínú ewu. Kì í ṣe ohun tí a ń fi ọ̀la sọ. Ní ti oògùn, ampicillin àti amoxicillin tí a bá fún ehoro mu a máa pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun yìí, àwọn búburú a sì gba ipò wọn, wọn a máa tu májèlé sínú ẹ̀jẹ̀. Oògùn tí ó wo ọ̀fun wa sàn ni ó pa ehoro ọmọ mi.

Ó kéré tán, ìdá mẹ́jọ nínú ìdá mẹ́wàá oúnjẹ ehoro gbọ́dọ̀ jẹ́ koríko, tútù àti gbígbẹ. Èèsún tí kò tíì gbó dára. Ẹni tí ó bá ń gbé ìhà Àríwá yóò rí ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà gbígbẹ rà ní ọjà ẹran, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní harawa. Kí a máa fi díẹ̀ nínú rẹ̀ kún koríko. Ewé yúnyun jẹ́ ààyò rẹ̀. Ó tún fẹ́ràn ewé òdùnkún, èyí tí àwọn kan ń pè ní ànàmọ́, àti tẹ̀tẹ̀ níwọ̀nba. Kí a sá ewé tútù sí ibòji títí yóò fi rọ kí a tó fún un, nítorí ewé tí omi òjò tàbí ìrì wà lára rẹ̀ lè mú ìgbẹ́ gbuuru wá. Kárọ́ọ̀tì dà bí súìtì fún un: èyí tí ó tó orí àtàǹpàkò ti tó. Ewé gbágùúdá tútù, ewé píà, ewé tòmátì, ewé lápálápá àti àlùbọ́sà, májèlé ni gbogbo wọn. Kí a má sì fún un ní oúnjẹ adìẹ, nítorí oògùn tí a ń pò mọ́ òmíràn nínú rẹ̀ lè pa ehoro.

Koríko yìí náà ni ó ń tọ́jú eyín rẹ̀. Gbogbo eyín ehoro ni ó ń hù títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ti iwájú a máa fi nǹkan bí mílímítà 2 sí 3 gùn sí i lọ́sẹ̀ kan. Bí kò bá rí nǹkan rún, eyín yóò gùn kọjá ààlà, kò sì ní lè pa ẹnu dé mọ́. Wáyà iná mànàmáná kò yàtọ̀ sí koríko lójú rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá ń tú u sílẹ̀ nínú pálọ̀ gbọ́dọ̀ ká wáyà nílẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i tí ó ń jẹ ìgbẹ́ ara rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù, ẹ má lé e. Ìgbẹ́ rírọ̀ kan ni, tí ó ń gbé mì lẹ́ẹ̀kejì kí oúnjẹ inú rẹ̀ lè ṣe é lóore bí ewúrẹ́ ti ń jẹ àpọ̀jẹ.

Àgò rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbòòrò tó kí ó lè fò lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, kí ó sì lè fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dìde dúró. Bí ilẹ̀ àgò bá jẹ́ àwọ̀n irin, kí a tẹ́ pákó sí apá kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yóò bó. Ìjàlọ kò níí kọ̀ láti jẹ odindi ehoro ní òru ọjọ́ kan. A gbọ́dọ̀ ki ẹsẹ̀ àgò bọ inú agolo tí a bu ọ́ìlì ọkọ̀ tí a ti lò sí. Èyí ni a fi ń bọ́ lọ́wọ́ wọn nínú ilé wa.

A kì í fi etí gbé ehoro. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń tà á ṣe ń gbé e, ṣùgbọ́n ìrora ni. Ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, ọwọ́ kejì lábẹ́ ìdí, kí a sì gbé e mọ́ra, nítorí bí ìdí rẹ̀ bá ń fì nínú afẹ́fẹ́ tí ó sì ta ìpá, ó lè dá ara rẹ̀ lẹ́yìn. Ọmọ kékeré kò gbọdọ̀ gbé e ní òró. Kí ó jókòó sílẹ̀. A kì í sì í fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Yóò fi ahọ́n wẹ ara rẹ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ ilé di ọgbà ẹran, kí ó má kó akọ àti abo pọ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 31 péré ni oyún wọn, akọ méjì sì máa ń ja ìjà tí ó ń fa ẹ̀jẹ̀.

Bí èépá bá kún etí rẹ̀, tàbí tí kúrùnà mú un ní imú àti ẹsẹ̀, dókítà ní abẹ́rẹ́ tí ó ń wò ó. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí kò ní oògùn, RHD ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1984 ni a kọ́kọ́ rí i ní ilẹ̀ China, ní ọdún 2020 sì ni a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ti wọ Nàìjíríà. Ehoro tí ó ń ṣeré lálẹ́ lè kú mọ́jú, tí ẹ̀jẹ̀ á wà nímú rẹ̀. Kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n aṣọ, bàtà àti àgò lè gbé e láti ilé kan dé òmíràn. Ẹ má ra àgò tí ehoro ẹlòmíràn kú sí, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ rẹlẹ̀ tó, kí ẹ sì ya ehoro tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó kó o mọ́ èyí tí ẹ ní.

Ọmọ mi kò béèrè fún ehoro kejì. Èmi ni mo lọ rà á, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kọ̀ọ̀kan, ó máa ń gbé e sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, yóò wo eyín rẹ̀, yóò wo etí rẹ̀, yóò sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá kan tí ó ti kún. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, kílò 2.3 ni.