Ta Ló Yan Ibi Tí Wọ́n Bí Wa Sí?

Ìtàn Ifá kan sọ nípa ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó ń ti ọ̀run bọ̀ wáyé: ọmọ Ògún, ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní láti yà nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí, kí kálukú yan tirẹ̀. Àwọn méjì kánjú, wọ́n gbé èyí tó wù wọ́n lójú. Òjò ọ̀nà pa orí ọ̀hún, ó sì jẹ ẹ́ tán. Afùwàpẹ́ kọ́kọ́ lọ rí bàbá rẹ̀. Wọ́n dá Ifá fún un, ó mú owó dání, owó yẹn ló fi san gbèsè Àjàlá, Àjàlá sì bá a mú orí tó dára.

Ìtàn yìí la fi ń dá ẹni tó bá béèrè ìdí tí wọ́n fi bí òun sí ilé ìṣẹ́ lóhùn: o ti yàn án kí o tó dé.

Jean-Paul Sartre, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n bí sí Paris ní 1905, kò gbà pé ilé Àjàlá kankan wà. Lójú tirẹ̀, kò sẹ́ni tó bi wá léèrè kí wọ́n tó bí wa. Òbí, èdè, àwọ̀ ara, ogun tó ń jà lásìkò wa, a kàn bá wọn nílẹ̀ ni. Òun gan-an kò mọ bàbá rẹ̀, ikú ti mú ìyẹn lọ kí ọmọ tó pé ọdún méjì. Ṣùgbọ́n ó ní nígbà tí kò ti sẹ́ni tó kọ ìwà mọ́ wa, àwa fúnra wa la ó máa fi ìṣe wa dá ara wa.

Lásìkò ogun Hitler, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan wá bá a. Àwọn Jámánì ti pa ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ní 1940. Ó fẹ́ sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó lè gbẹ̀san, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni ìtùnú tó kù fún ìyá rẹ̀. Nílé tiwa, àgbà yóò dá sí i, tàbí kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ babaláwo. Sartre kọ̀, kò bá a yàn. Ó ní òmìnira wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó yan èyí tó bá fẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà gbóná, mo sì fẹ́ràn ìgboyà inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó. Simone de Beauvoir, olólùfẹ́ rẹ̀, ti bá a jiyàn lórí rẹ̀ ní 1940: òmìnira wo ni obìnrin tí wọ́n sé mọ́lé ní? Sartre ní ọ̀nà tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lè gbà gbé ayé rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Simone kò gbà. Ní 1949 ó gbé ìwé ńlá jáde lórí bí ayé ṣe ń dín ọ̀nà kù fún ọmọbìnrin láti kékeré. Ní 1952, Frantz Fanon, ọmọ Martinique, kọ ohun tí ojú ènìyàn dúdú ń rí nígbà tí aláwọ̀ funfun ti fi àwọ̀ rẹ̀ ṣèdájọ́ rẹ̀ kó tó lanu.

Ẹ tún Afùwàpẹ́ wò. Lọ́run pàápàá, ó ní bàbá tó mọ Ifá, ó sì ní owó lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, Sartre yí ohùn padà. Ní 1969 ó jẹ́wọ́ pé ó ya òun lẹ́nu pé òun fìgbà kan gbà pé ipòkípò kò lè gba òmìnira lọ́wọ́ ènìyàn. Òmìnira tó wá gbà ni ìwọ̀nba díẹ̀ tí ènìyàn fi ń yàtọ̀ sí ohun tí ayé fi í ṣe. Èyí ni mo gbà pé ó jẹ́ òótọ́, Simone ló sì kọ́kọ́ rí i.