Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ fún Àgbà Tí Iyè Rẹ̀ Ń Rà

Ìyá àgbà kan wà nítòsí wa ní Àrẹ̀mọ. Ìyá gbé ìkòkò ka iná, wọ́n gbàgbé. Wọ́n lọ sí Ọjà'ba, wọn kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pe ọmọ wọn. Àwọn kan ní ìyá ń ṣarán, ọ̀rọ̀ àgbà ni. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ní àjẹ́ ni, pé ó ń ka bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá gan-an.

Wọ́n ti wádìí àrùn yìí nínú Ìbàdàn níhìn-ín. Ní 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun wà lára wọn, àti àwọn dókítà Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn àgbà ọlọ́dún 65 sókè ní Ìdíkàn, àti ti àwọn ènìyàn dúdú ní ìlú Indianapolis. Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n sì ń gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ní 2001 wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde. Nínú 1,000 àgbà Ìdíkàn, bí 13 tàbí 14 ni àrùn ìgbàgbé ń mú lọ́dún. Ti Indianapolis tó 32. Bí ó bá jẹ́ ogbó lásán ni, kí ló dé tí kò dọ́gba? Ohun àjogúnbá kan tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀, tó máa ń fi ẹni tí àrùn yìí lè mú hàn ní Amẹ́ríkà, kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára ní Ìdíkàn.

Ṣé ẹ̀jẹ̀ apá lè mọ ohun tó wà nínú orí ni? Ó lè mọ̀ ọ́n. Nínú àrùn tí wọ́n ń pè ní Alusáímà, ìdọ̀tí kan máa ń kó jọ sínú ọpọlọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìgbàgbé tó hàn. Díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, bí eérú ààrò ṣe ń bá ọ̀gbàrá lọ sínú odò Ògùnpa. Ẹni tó bu omi odò wò yóò mọ̀ pé wọ́n dáná lókè. Tẹ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fa omi ní ọ̀pá ẹ̀yìn, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ olówó ńlá ya àwòrán ọpọlọ. Ní oṣù karùn-ún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àkọ́kọ́ irú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yìí, fún ẹni ọdún 55 sókè tí àmì àrùn ti hàn lára rẹ̀. Dókítà kì í fi òun nìkan dájọ́ o.

Ẹ má jókòó de ti Amẹ́ríkà. Ibà, ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù, rẹ́kórẹ́kó àtijọ́ tí a kò tọ́jú, gbogbo wọn lè mú àgbà sọ ìsọkúsọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó wọ́pọ̀ ń fi wọ́n hàn, oògùn wọn sì wà.

Ọmọ ìyá wa yẹn gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ láìjẹun. Ṣúgà ara wọn ti lọ sílẹ̀. Ìgbàgbé díẹ̀ ṣì kù, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pe ọmọ wọn ní orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń lọ sí Ọjà'ba, ọmọ-ọmọ kan a máa tẹ̀ lé wọn.