Èkó, Àbújá àbí Ìlọrin: Ibo lọmọ Òsí fẹ́ forí lé?

Ẹni tó bá fẹ́ kẹ́rù ẹ̀ kúrò l'Ósí tàbí Ìlọfà, lápá Èkìtì tó wà ní Kwara, Èkó lọkàn ẹ̀ kọ́kọ́ máa ń lọ. Àbí ta ni ò lẹ́gbọ̀n kan níbẹ̀? Ṣùgbọ́n látìgbà tíjọba àpapọ̀ ti kó lọ s'Ábùjá lóṣù Disẹ́ńbà, ọdún 1991, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò rọrùn mọ́. Àwọn kan ní owó wà l'Ékòó, àwọn kan ní iṣẹ́ ìjọba wà l'Ábùjá.

Wọn kì í sọ ti ooru. Òkun àti ọ̀sà ti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ Èkó kún fún omi, òógùn ò ní í gbẹ lára bọ̀rọ̀. Bí iná bá wá lọ lóru, tí fáànù dúró, ẹni tó wà nínú yàrá kan ló máa ròyìn! Oòrùn Àbújá le lóṣù Mááṣì lóòótọ́, àmọ́ òógùn tètè ń gbẹ níbẹ̀.

Ìlọrin náà ń gbóná, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Olú ìlú Kwara ni látọdún 1967, owó iṣẹ́ ibẹ̀ ò sì tó t'Èkó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ránṣẹ́ pé ìyá ò gbádùn, ẹni tó bá wọkọ̀ n'Ílọrin láàárọ̀ ti dé Òsí kọ́sàn-án tó pọ́n. Ẹni tó wà l'Ábùjá ṣì ń wá owó ọkọ̀.