Wọ́n Fẹ́rẹ̀ẹ́ Ja Àjàkú Nítorí Irúgbìn Ewédú, Omi Gbígbóná Ló Parí Ẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti olóṣèlú, kì í sì í ṣe ti ọkọ tó lé ìyàwó jáde lóru. Ọ̀rọ̀ irúgbìn ewédú ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o! Hóró kékeré yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìyá méjì di èrò àgọ́ ọlọ́pàá níṣojú mi.

Ọjà kan ni, níbí n'Ìbàdàn. Iye tí wọ́n ń ta ata ni ọ̀gá mi ní kí n lọ bèèrè. Mo mú bírò àti ìwé mi, mo ń lọ jẹ́jẹ́. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ariwo lápá ibi tí àwọn onírúgbìn máa ń jókòó sí. Mo sáré débẹ̀. Obìnrin kan tí kò tíì tó ẹni ogójì ọdún ló di ìró ìyá onírúgbìn kan mú gírígírí.

"Ìyá, ẹ dá owó mi padà! Òkú irúgbìn lẹ tà fún mi!"

"Èmi? Èmi ni mo ta òkú? Ta ló bí ọ, tó ò ń bú mi láàárín ọjà? Kí n tó bí àkọ́bí mi ni mo ti wà lórí ìjókòó yìí!"

"Ọwọ́ yín ni mo ti rà á, kò sì hù! Ẹ bá mi wò ó, ẹ̀yin èèyàn, owó àjọ mi ni o!"

Kí a tó wí kí a tó fọ̀, èrò ti pé lé wọn lórí. Àwọn kan ní olè ni ìyá onírúgbìn, pé iyanrìn ló ń dà mọ́ irúgbìn. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ ẹni tó gbìn ín ni kò dára. Ojú ìyá onírúgbìn sì ti yí padà, nítorí ó mọ̀ pé bí orúkọ òkú irúgbìn bá lẹ̀ mọ́ òun lára lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ oníbàárà ò ní í yà síwájú ìsọ̀ òun mọ́.

OWÓ ÀJỌ LÓ WỌLẸ̀

Mo fa obìnrin náà sápá kan, mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an. Aránṣọ ni. Ó ní láti ìgbà tí aṣọ rírán ti dọwọ́lẹ̀, tí ẹ̀rọ òun lè jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan láìrí aṣọ gbé sórí, lòun ti ń wá ohun mìíràn tí òun yóò máa fi ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ló fi ilẹ̀ àkùrọ̀ hàn án létí odò. Wọ́n ní ewédú ẹ̀ẹ̀rùn kì í gbé owó, pé nígbà tí òjò bá ti lọ, tí ewédú wọ́n lọ́jà, ẹni tó ní i ló ń dá iye fún un.

Bó ṣe kó owó àjọ ẹ̀ nìyẹn. Ó san owó fún ẹni tó bá a kọ ebè mẹ́jọ. Ó ra agbè ìbomirin méjì. Ó wá sọ́jà, ó sì bẹ ìyá onírúgbìn pé kó jọ̀ọ́, kó fún òun ní tuntun, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n kúrò nínú èèpo.

Ó gbìn ín, ó ń bomi rin ín láàárọ̀, ó ń bomi rin ín nírọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò sí nǹkan. Ọ̀sẹ̀ kejì kọjá, koríko ló hù. Ewédú tó yọjú níbẹ̀ rí gátagàta bí irùngbọ̀n ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irùngbọ̀n. Ó ní nígbà tí òun rí i, òun jókòó sórí ebè, òun sunkún.

ÌBÉÈRÈ KAN ṢOṢO

Ẹni tó bá wọn parí ìjà náà kì í ṣe ìyálọ́jà, kì í sì í ṣe ọlọ́pàá. Ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni. Ó ti jókòó tipẹ́ tó ń wò wọ́n. Nígbà tó yá, ó gbọ́ ohùn sókè, ó ní:

"Ìwọ aránṣọ, ǹjẹ́ o bọ irúgbìn yẹn lómi gbígbóná kí o tó gbìn ín?"

"Omi gbígbóná kẹ̀, Màmá? Ṣé kí n sè é jẹ ni?"

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìyá onírúgbìn kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó tú ọwọ́ aránṣọ kúrò lára ìró ẹ̀, ó wolẹ̀, ó ní: "Ọmọ mi, mo rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ni."

Ẹ ò rí i bí? Ẹni tó mọ̀ rò pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀, ẹni tí kò mọ̀ kò sì mọ ohun tí òun ìbá bèèrè. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìjà ọjà ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

KÍ LÓ DÉ TÍ KÌ Í FI HÙ?

Nígbà tí a wà nílé-ẹ̀kọ́ girama, tíṣà wa ní ká fi hóró ẹ̀wà sínú òwú tútù. Kò ju bí ọjọ́ mẹ́ta lọ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gbòǹgbò. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé inú hóró kọ̀ọ̀kan ni ọmọ kan wà tó ń sùn, oúnjẹ ẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bí omi bá ti wọlé, ọmọ á jí, oúnjẹ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà di ohun dídùn tó lè jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àgbàdo tí ẹ rẹ sómi, tí ẹ jẹ́ kó hù kí ẹ tó sá a sóòrùn, adùn ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àgbàdo lásán.

Ewédú yàtọ̀ ní tiẹ̀. Èèpo ara hóró ẹ̀ le, omi kì í ráyè wọ inú ẹ̀. Ẹ lè rẹ ẹ́ sómi tútù di ọjọ́ kejì, inú ẹ̀ á ṣì gbẹ. Ọgbọ́n Ẹlẹ́dàá sì ni. Bí gbogbo hóró tó bọ́ sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bá hù nítorí òjò kan ṣoṣo tó ṣèèṣì rọ̀, oòrùn ọjọ́ kejì á pa gbogbo wọn, irú wọn á parun. Ìdí nìyẹn tó fi ti ìlẹ̀kùn mọ́rí dúró de àsìkò. Ọdún lè yípo kí àwọn mìíràn tó hù.

Omi gbígbóná ló ń ṣí ìlẹ̀kùn náà. Ó ń mú kí èèpo náà sán wẹ́wẹ́, omi á sì ríbi gbà wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ aránṣọ wa ti wá dunni jù nìyí: irúgbìn tuntun tó bẹ̀bẹ̀ fún gan-an ló ń ṣagídí jù. Èyí tó bá ti pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀ máa ń rọ̀ ju èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n lọ. Owó tuntun ló san, agídí tuntun ló rà.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É

Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ yẹn ló kọ́ wa, gbogbo wa sì dákẹ́ tí à ń gbọ́.

Ẹ di irúgbìn tí ẹ máa gbìn lọ́jọ́ náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó má fún pọ̀. Ẹ gbé omi kaná. Nígbà tó bá hó, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ti aṣọ náà bọ inú omi ọ̀hún, kí ẹ máa ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá. Bí ẹ bá ti dé ẹ̀wá, ẹ yọ ọ́ kíá, ẹ sọ ọ́ sínú omi tútù. Lẹ́yìn náà, kí ẹ sá a síbòòji kí omi ara ẹ̀ gbẹ.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbìn ín, ẹ po ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ, nítorí hóró ẹ̀ kéré, ó máa ń dà gììrì sójú kan. Ẹ fọ́n ọn sórí ebè, ẹ fi erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì rọra bomi rin ín. Láàárín bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ ó ti máa rí i. Bó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ó tó fà tà nìyẹn.

Kí ó lè dá mi lójú, mo ra díẹ̀ nínú irúgbìn yẹn kan náà lọ́wọ́ ìyá onírúgbìn, mo gbé e lọ sílé. Mo bọ ìdajì ẹ̀ bí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ṣe wí, mo fi ìdajì tó kù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tẹ́ aṣọ tútù sínú àwo méjì, mo da ìdajì kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kẹrin, àwo tí mo bọ ti kún fún gbòǹgbò funfun. Nínú àwo kejì, mo lè fi ìka ọwọ́ kan ka èyí tó hù. Irúgbìn kì í ṣe òkú. Ìyá onírúgbìn kì í ṣe olè.

KÌ Í ṢE GBOGBO IRÚGBÌN O

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ohun tí mo kọ yìí lọ da omi gbígbóná sí gbogbo irúgbìn ilé yín. Bí ẹ bá bọ àgbàdo tàbí ẹ̀wà bẹ́ẹ̀, ẹ ti fẹ́ẹ́ sè é nìyẹn. Ilá kò fẹ́ ju kí ẹ rẹ ẹ́ sómi lásán di ọjọ́ kejì. Tẹ̀tẹ̀ kò tilẹ̀ fẹ́ rírẹ, iyanrìn ni kí ẹ pò ó mọ́, kí ẹ fọ́n ọn.

Ewédú pàápàá, bó bá pẹ́ jù nínú omi híhó, ikú ni. Lọ́jọ́ yẹn náà, ọ̀kan nínú àwọn tó dúró lọ́dọ̀ wa jẹ́wọ́ pé wọ́n ti sọ fún òun rí pé omi gbígbóná ni, lòun bá gbé irúgbìn kaná, òun sì lọ pọnmi. Ó ní kò sí ẹyọ kan tó hù. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní: "Ọbẹ̀ lo sè, o kàn gbàgbé iyọ̀ ni."

Nǹkan méjì tún wà tí ẹ ní láti ṣọ́. Èkíní, májèlé wà nínú hóró ewédú, bí ewé ẹ̀ tilẹ̀ dára lẹ́nu. Ẹ má da èyí tó bá ṣẹ́kù fún ẹran ọ̀sìn. Èkejì, bí irúgbìn tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù bá ní àwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ ewéko tí kì í ṣe àwọ̀ ara ẹ̀, oògùn kòkòrò ni wọ́n fi pa á lára. Ẹ má fi ìkòkò ọbẹ̀ ṣe iṣẹ́ ẹ̀, ẹ má jẹ ẹ́, kí ẹ sì fọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá gbìn ín tán.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i lè lọ bèèrè ní NIHORT, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1975, ní Ìdí-Iṣin, n'Ìbàdàn níbí. Iṣẹ́ ẹ̀fọ́ àti èso ni wọ́n ń ṣe. Ẹ má sì fojú kéré ewédú o. Àwọn ará Íjíbítì náà ń fi ṣe ọbẹ̀. Ní Ìńdíà àti Bangladesh, ara igi ẹ̀ ni wọ́n ti ń bó okùn tí wọ́n fi ń hun àpò ìdọ̀họ. Àpò tí ẹ ń rọ kòkó sí, ẹbí ọbẹ̀ yín ni!

BÓ ṢE PARÍ

Ìyá onírúgbìn bu agolo irúgbìn kan, ó dì í sínú ọ̀rá, ó nà án sí aránṣọ. Ó ní òun kò gbowó. Aránṣọ kúnlẹ̀, ó ní: "Ẹ má bínú, Màmá. Ìyà ló ń jẹ mí." Ìyá náà fà á dìde, ó ní: "Ẹ̀bi wa ni, àwa méjèèjì. Èmi ò sọ, ìwọ ò bèèrè."

Mo tún gba ọjà yẹn kọjá lẹ́yìn bí oṣù kan. Mo bá ìyá onírúgbìn lórí ìjókòó ẹ̀, ó ń wọn irúgbìn fún ọmọbìnrin kan. Bó ṣe ń di ọ̀rá ló ń sọ fún un pé: "Omi gbígbóná o, ka ení dé ẹ̀wá, kó o yọ ọ́!" Nígbà tó rí mi, ó nawọ́ sí ìtí ewédú tútù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Aránṣọ ló gbé e wá fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà, nínú èyí tó kọ́kọ́ fà.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni ẹ mọ̀ nídìí iṣẹ́ yín tí ẹ rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n? Ẹ kọ ọ́ sí lẹ́tà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Ẹnì kan lè wà níbì kan tó ń bomi rin ebè òfìfo.