Ẹ̀yìn Tó Dúró Déédéé

Tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún àgbàlagbà tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ìbéèrè tí ẹbí máa ń kọ́kọ́ bi dókítà ni pé, “Ṣé ó ti nà tán?” Àmọ́ ohun tí dókítà ń wá yàtọ̀ díẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá orí aláìsàn náà bọ́ sókè ìbàdí rẹ̀ nígbà tó bá dìde dúró. Ẹ̀yìn lè nà gbọọrọ nínú àwòrán, kí ẹni tó ni ín má sì lè rìn dé ìta.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn tí nǹkan kan kò ṣe. Eegun 24 tó ń yí ló wà nínú rẹ̀: 7 ní ọrùn, 12 lẹ́yìn àyà, 5 ní ẹ̀yìn ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá wò ó láti ẹ̀yìn, ó tọ́. Tí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó tẹ̀ lọ tẹ̀ bọ̀: ti ọrùn yọ síwájú, ti ẹ̀yìn àyà yọ sẹ́yìn, ti ìsàlẹ̀ tún yọ síwájú. Bí ọ̀kan bá ti tì í lọ ni èkejì ń fà á padà, títí orí yóò fi jókòó sókè ìbàdí, tí èèyàn yóò lè dúró pẹ́ láìrẹ̀ ẹ́. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní sagittal balance; ìdúró déédéé la ó máa pè é níbí.

Ṣùgbọ́n ìdúró yìí lè bàjẹ́. Ẹ̀yìn lè ti máa wọ́ láti kékeré. Ikọ́ ife lè wọ inú eegun ẹ̀yìn, kó jẹ ẹ́ títí iké fi yọ. Ọjọ́ orí sì lè mú kí ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun kan sí èkejì gbẹ. Èyí ó wù kó jẹ́, bí ara bá ti ń ṣubú síwájú, àwọn ẹ̀yà ara yòókù ló ń ru ẹrù náà: eegun ìbàdí á yí sẹ́yìn, orúnkún á ká, ọrùn á nà kí ojú lè rí iwájú. Iṣan itan kì í simi mọ́. Ìdí nìyí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń di ògiri mú kó tó rìn dé oríta, tí àwọn ará ilé á sì ní ogbó lásán ni. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí, torí ohun tó ṣeé wọ̀n, tó sì ṣeé tọ́jú, lè wà nídìí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń wọn ìdúró déédéé nìyí. Wọ́n á ya àwòrán ẹ́ksíréè láti ẹ̀gbẹ́, láti orí dé itan, lórí ìdúró. Tí aláìsàn bá dùbúlẹ̀, bẹ́ẹ̀dì á gbé e ró, àwòrán kò sì ní sọ òótọ́. Dókítà á fa ìlà wálẹ̀ láti eegun tó kẹ́yìn ní ọrùn, èyí tó máa ń yọ sọ́wọ́ yín tí ẹ bá tẹríba. Bí okùn onírin tí bíríkìlà ń sọ sílẹ̀ láti mọ̀ bóyá ògiri tọ́ ni ìlà náà rí. Ó yẹ kó balẹ̀ sítòsí ibi tí ọ̀pá ẹ̀yìn ti jókòó lé eegun ìdí. Tó bá fi ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ síwájú ibẹ̀, ara ṣì ń ṣubú síwájú.

Eegun ìbàdí kálukú tún yàtọ̀. Ti ẹnì kan da gẹ̀rẹ́ ju ti ẹlòmíràn lọ. Títẹ̀ ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ bá bí ìbàdí ẹni tó ni ín ṣe da gẹ̀rẹ́ tó mu, kí ìyàtọ̀ wọn má fi bẹ́ẹ̀ ju dígírì 10 lọ.

Ọjọ́ orí náà ní tirẹ̀. Ìwádìí tí olùwádìí kan tó ń jẹ́ Lafage àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2016 fi hàn pé kò yẹ kí wọ́n lépa ìwọ̀n ọmọ ọgbọ̀n ọdún lára ẹni ọdún 75. Tí wọ́n bá fa ẹ̀yìn rẹ̀ sẹ́yìn jù, eegun tó wà lókè irin tí wọ́n fi dì í mú lè tẹ̀ síwájú.

Nígbà iṣẹ́ abẹ, irin gbọọrọ àti síkúrù ni wọ́n fi ń di eegun mú, ṣùgbọ́n irin ò lè dá a ṣe títí ayé. Àwọn eegun náà gbọ́dọ̀ so pọ̀ di ọ̀kan, èyí sì ń gba oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn ó lè ju ọdún kan lọ. Tí wọn ò bá so pọ̀, irin lè ṣẹ́ nígbà tó bá yá. Sìgá máa ń dí ìsopọ̀ náà lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń ru ẹrù lórí lọ sọ́jà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda.

Fún àwa tí a wà ní ìlú Ihunbo lójú ọ̀nà Ìdírókò, ilé ìwòsàn eegun ti Ìgbóbì ní Èkó, tó ti wà láti 1945, ló súnmọ́ wa. Ọ̀nà Ìdírókò náà gba Àjàṣẹ́, Kútọnu àti Lomé dé Accra, níbi tí ilé ìwòsàn àjọ FOCOS wà ní Pantang. Dókítà Oheneba Boachie-Adjei, ọmọ Ghana, ló dá àjọ náà sílẹ̀ ní 1998. Wọ́n ṣí ilé ìwòsàn náà ní 2012. Ẹ̀yìn tó tẹ̀ kọjá ààlà ni wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́. Wọ́n lè fi òrùka irin yí orí aláìsàn ká, kí wọ́n so ìwúwo mọ́ ọn, kó máa rọra fa ẹ̀yìn náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi yòówù tí wọ́n ti ṣe é, ẹ gba àwòrán yín kí ẹ tó kúrò, ẹ má sì dà á nù. Àwòrán ọdún kìíní àti ìkejì ò wúlò tó bẹ́ẹ̀ tí kò bá sí ti àkọ́kọ́ tí wọ́n á fi wé e. Tí orúnkún bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká, tí ojú bá tún ń wo ilẹ̀, tàbí tí ìrora tuntun bá bẹ̀rẹ̀ lókè ibi tí irin parí sí, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Tí ẹsẹ̀ bá ń rọ, tàbí tí ìtọ̀ ò ṣeé dá dúró mọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ dé ilé ìwòsàn.